Ata Ilẹ̀ Pupa Ẹ̀yìnkùlé Mọ́ṣádé

Ní àdúgbò wa ní Ìjẹ̀bú-Òde, ilẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Kì í ṣe pé wọ́n tà á. Òkúta ni wọ́n fi bò ó. Ẹni tó bá rí towó ṣe ní Èkó tàbí ní òkè òkun, ohun tó kọ́kọ́ ń ṣe fún ilé bàbá rẹ̀ ni pé kó ra òkúta íńtálọ́ọ̀kì, kó fi tẹ́ gbogbo àgbàlá láti ẹnu géètì dé ìdí ṣáláńgá. Òun fúnra rẹ̀ kì í gbé ibẹ̀. Ìgbà Ojúde Ọba ló ń wá, á gbé ọkọ̀ rẹ̀ sórí òkúta náà, á jẹun, á ya fọ́tò, á lọ. Àwọn tó ń gbé inú ilé náà láti January dé December ni ooru òkúta ń bá fínra nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Àwọn náà ni àgbàrá ń wọlé tọ̀ nígbà òjò, nítorí ilẹ̀ tó yẹ kó fa omi mu ti wà lábẹ́ òkúta. Kò sẹ́ni tó bi wọ́n léèrè. Ìdàgbàsókè ni wọ́n ń pe ìyẹn.

Ilé kan wà tí wọn kò rí ẹ̀yìn rẹ̀ bò. Obìnrin kan ló fà á.

Mọ́ṣádé lorúkọ rẹ̀. Ìyá Ìyìn ni àdúgbò ń pè é, nítorí Ìyìnolúwa, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, tó ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Àbújá. Ó lé díẹ̀ ní ọgọ́ta ọdún. Nígbà tó ṣì ń ṣiṣẹ́, ilé ìdáná ilé ìwé kan ní Odogbolu ló wà, ó ń se oúnjẹ fún àwọn ọmọ tó ń sùn nínú ọgbà. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ náà ti di ọ̀gá níbi kan báyìí. Kò sí ọ̀kan tó padà wá dúpẹ́ ẹ̀wà. Ayépé ni ọkọ rẹ̀ ti wá. Nígbà tí ọkọ náà kú, àwọn ará ilé ọkọ ní kó kó ẹrù rẹ̀ jáde. Ohùn pẹ̀lẹ́ ni wọ́n fi sọ ọ́. Wọ́n gbàdúrà fún un, lẹ́yìn náà wọ́n pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn. Kò bá wọn jà. Ó padà sí ilé bàbá rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde, wọ́n fún un ní yàrá kan ní ẹ̀yìn pátápátá, èyí tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ibi tí gbogbo ilé ń da ìdọ̀tí sí.

Ibi ìdọ̀tí yẹn ló di ẹ̀yìnkùlé Mọ́ṣádé. Ó ṣa ìgò fífọ́ kúrò níbẹ̀, ó yí táyà ògbólógbòó kúrò, ó sun èyí tó ṣeé sun. Lábẹ́ gbogbo rẹ̀, ilẹ̀ dúdú ló bá, tó rọ̀.

Ata ilẹ̀ pupa tó kọ́kọ́ gbìn síbẹ̀, kò mọ̀ọ́mọ̀ gbìn ín. Ọjà Òkè-Ajé ló ti ra díẹ̀ láti fi dín ẹja, ọ̀kan sá sí ìsàlẹ̀ apẹ̀rẹ̀. Nígbà tó fi máa rí i, ó ti hunjọ, ojú kan sì ti ń yọ lára rẹ̀. Mọ́ṣádé kò fẹ́ràn kí ó máa da nǹkan jíjẹ nù. Ó fi ìka tẹ̀ ẹ́ wọlẹ̀ lẹ́bàá ògiri, ó gbàgbé rẹ̀. Nígbà tí ewé yọ, tó fẹ̀, tó dúró ṣánṣán, ó rò pé ìdò olódòdó pupa ni.

Ràmọ́tà, Àlàájà tó ń ta aṣọ, tí ilé rẹ̀ bá tiwọn pààlà, rí ewé náà láti ojú fèrèsé rẹ̀ lókè.

“Ìyá Ìyìn, òdòdó lo wá ń gbìn báyìí? Ṣé òyìnbó ń bọ̀ wá kí ẹ ni?”

“Mi ò tíì mọ ohun tó jẹ́, Àlàájà. Mo ní kó dàgbà ná.”

“Bó bá dàgbà tán tó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ èèyàn, má pè mí o.”

Kò jẹ èèyàn. Nígbà tí ọyẹ́ dé, ewé náà gbẹ, ó wó lulẹ̀. Mọ́ṣádé fi ọkọ́ wa ìdí rẹ̀ láti fà á sọnù, odidi ìdì ata ilẹ̀ pupa sì tẹ̀ lé ọkọ́ náà jáde, ìyá róbótó láàárín, àwọn ọmọ gígùngígùn yí i ká. Ẹyọ kan tó ti hunjọ ló bí gbogbo ìyẹn. Ó jókòó sórí ilẹ̀ níbẹ̀, ó ń dá rẹ́rìn-ín. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ó gbin gbogbo ẹ̀yìnkùlé.

Bó ṣe ń gbìn ín kò le. Tí òjò bá ti dúró dáadáa, á tú ilẹ̀, á tẹ́ èyí tó lójú sínú kòtò tí kò jìn, á fi ewé máńgòrò gbígbẹ bò ó kí oòrùn má bàa pa á. Kì í jẹ́ kí omi dúró sí ìdí rẹ̀, nítorí yóò jẹrà. Tí ewé bá ti gbẹ tán, á wà á. Ó ń ṣẹ́ àwọn ọmọ kúrò lára ìyá. Ọmọ ni jíjẹ. Ìyá ló ń dá padà sínú kòtò kan náà lójú ẹsẹ̀, kí ọwọ́ rẹ̀ tó kan òmíràn, á fi ewé bò ó, á fi sílẹ̀ kó máa sùn títí òjò yóò fi jí i. Àwọn mìíràn ń kó ìyá tiwọn wọlé, wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sí igun yàrá di ìgbà òjò. Mọ́ṣádé kò ní igun kankan tó ṣófo nínú yàrá rẹ̀. Ìdí tó fi ń ṣe é bẹ́ẹ̀ kò ju ìyẹn lọ.

Ó ń gún un mọ́ ata àti iyọ̀, á fi ra ẹja lára kó tó dín in. Ó ń bu díẹ̀ sí ìrẹsì àti sí ọbẹ̀ adìyẹ. Ewé rẹ̀ ló fi ń pọ́n ẹ̀bìrìpò, kókò rírin tí wọ́n ń sè nínú ewé, òórùn rẹ̀ á sì gba gbogbo òpópónà débi pé àwọn tó ń kọjá á rántí pé àwọn ní ìbátan nínú ilé náà. Kì í fi sí ìkọ́kọrẹ́. Àwọn nǹkan kan wà tí èèyàn kì í fọwọ́ kàn.

Ó tún ń sè é mọ́ ata ilẹ̀ lásán àti ìyèré, á fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, á mu ún ní gbígbóná ní àárọ̀. Àwọn tó ń gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn kiri gáréèjì, tí wọ́n ń sọ pé ata ilẹ̀ pupa ń wo gbogbo àrùn sàn, òpùrọ́ ni wọ́n, wọ́n sì mọ̀. Mọ́ṣádé kò purọ́ fún ẹnikẹ́ni. Tí eegun orúnkún bá ń dun Ràmọ́tà, tó bá wá mu tirẹ̀, ohun kan náà ló máa ń sọ fún un.

“Àlàájà, ẹ padà lọ rí dókítà.”

“Mo ti rí dókítà. Ó ní mo sanra jù. Àgbo tìẹ kì í bú mi, bu sí i.”

Báyìí ni ayé rẹ̀ ṣe rí, ó sì dùn mọ́ ọn. Yàrá tó ń sùn, bí ẹbí bá ní kó kúrò níbẹ̀ lọ́la, á kúrò; ó ti kúrò nílé rí. Àmọ́ ẹ̀yìnkùlé yẹn, òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ sọ ọ́ di nǹkan. Kò ní òmíràn.

Ẹni tó fẹ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ni Theophilus, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, àkọ́bí bàbá wọn. Èkó ló ń gbé, ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ epo, jíìpù rẹ̀ sì gùn ju yàrá Mọ́ṣádé lọ. Ní ọjọ́ kejì Ojúde Ọba, tí ẹbí ń ṣe ìpàdé nínú pálọ̀, ó dìde, ó ní òun fẹ́ tẹ́ íńtálọ́ọ̀kì sí iwájú ilé àti ẹ̀yìn ilé.

“Ọkọ̀ àwọn ọmọ mi wà ní títì láti àná,” ló wí. “Ìtìjú ni. Gbogbo ilé tó yí wa ká ló ti tẹ́ tiwọn.”

Mọ́ṣádé wà lórí àga kékeré lẹ́bàá ilẹ̀kùn. “Bọ̀dá mi, ẹ ṣeun. Ẹ tẹ́ iwájú. Ohun ọ̀gbìn mi wà ní ẹ̀yìn.”

“Ohun ọ̀gbìn wo? Ewé yẹn?”

“Ata ilẹ̀ pupa ni.”

“Èló ni wọ́n ń tà á lọ́jà? Màá máa ra àpò kan fún ẹ lọ́dọọdún.”

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Àwọn tó rẹ́rìn-ín náà ni wọ́n ń gba ata ilẹ̀ pupa lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ tí wọ́n bá ń padà sí Èkó. Mọ́ṣádé yíjú sí Bàbá Sàlàkọ́, àbúrò bàbá wọn, tó jẹ́ olórí ẹbí.

Bàbá Sàlàkọ́ kì í kánjú sọ̀rọ̀. Ó ní nínú ẹbí àwọn, ẹnikẹ́ni kì í kọ́ nǹkan lé ohun tí ẹlòmíràn gbìn, àfi bí onítọ̀hún bá kórè tán. Bó ṣe wà nìyẹn láti ayé bàbá tó bí àwọn.

“Mo gbà, Bàbá,” ni Theophilus wí. Ara rẹ̀ ti ń yá láti máa lọ. “Kó kórè. Tí kò bá ti sí nǹkan kan nínú ilẹ̀ mọ́, kí n wá tẹ́ òkúta mi.”

“Tí kò bá ti sí nǹkan kan nínú ilẹ̀,” ni Bàbá Sàlàkọ́ tún wí, kí gbogbo ilé lè gbọ́ ọ.

“Ìgbà wo lo máa ń kórè?” Theophilus bi àbúrò rẹ̀.

“Nígbà ọyẹ́, bọ̀dá mi. Tí ewé bá gbẹ.”

Mọ́ṣádé padà sí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni ayọ̀ rẹ̀ ti dín kù. Ewé rẹ̀ ń fẹ̀, ó ń dán, Mọ́ṣádé sì ń wò ó bí èèyàn ṣe ń wo ọmọ tí wọ́n fẹ́ mú lọ sí ìlú òkèèrè. Ràmọ́tà ní kó lọ bẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Mọ́ṣádé ní òun ti bẹ èèyàn rí ní Ayépé.

Lẹ́yìn ọdún tuntun, nígbà tí ọyẹ́ ti fọ́ ètè gbogbo èèyàn, Theophilus dé. Haneef, bíríkìlà láti Ìjẹ̀bú-Igbó, tẹ̀ lé e pẹ̀lú àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. Típà kan da iyanrìn sí iwájú ilé, òmíràn já òkúta sílẹ̀. Theophilus rìn dé ẹ̀yìnkùlé, ó wo ewé gbígbẹ tó wó lulẹ̀ láti ògiri dé ògiri.

“Ó ti kú,” ló wí. “Gbogbo ariwo yẹn náà rèé. Ó ti kú fúnra rẹ̀.”

“Ó ń sinmi ni, bọ̀dá mi. Ẹ jẹ́ ká wà á.”

Kò sẹ́ni tó ránṣẹ́ pe àwọn obìnrin àdúgbò, ṣùgbọ́n wọ́n wá. Wọ́n gbé ọkọ́ wá, wọ́n gbé abọ́ wá. Ràmọ́tà gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ wá, ó jókòó sáàárín, ó ní orúnkún òun kò jẹ́ kí òun bẹ̀rẹ̀ ṣùgbọ́n ẹnu òun kò ní nǹkan kan tó ń ṣe é. Ọkọ́ àkọ́kọ́ wọlẹ̀, ìdì kan jáde tó tóbi ju orí ọmọdé lọ. Ariwo sọ. Wọ́n fọ́ ọ̀kan wò, inú rẹ̀ pọ́n bí ìyeyè, òórùn rẹ̀ gba ibẹ̀. Ilẹ̀ yẹn ti jẹ ìdọ̀tí ilé náà fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún, ó sì san án padà lọ́jọ́ náà. Ẹnì kan dá orin, àwọn yòókù gbè é. Ọwọ́ wọn pọ́n, ìró wọn pọ́n, Ràmọ́tà tó kàn jókòó náà, imú rẹ̀ pọ́n.

Haneef dúró ti ṣọ́bìrì rẹ̀. “Ìyá, ṣé wúrà lẹ ń wà ni?”

“Wúrà ò ṣeé fi dín ẹja,” ni Ràmọ́tà dá a lóhùn. “Wá ràn wọ́n lọ́wọ́, o dúró bí òpó iná.”

Mọ́ṣádé ń tẹ̀ lé àwọn tó ń wà á. Ó ń ṣe é bó ṣe máa ń ṣe é. Ó ń mú ìdì kọ̀ọ̀kan, ó ń ṣẹ́ ọmọ sínú abọ́, ó ń dá ìyá padà sínú kòtò. Kò fi pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà lórí àga lábẹ́ igi máńgòrò, fóònù lọ́wọ́, ó ń wo aago lemọ́lemọ́. Nígbà tó gbójú sókè, kòtò ló rí, kòtò káàkiri.

“Haneef,” ló wí, “bá wọn bo àwọn kòtò yẹn. Mi ò fẹ́ kí òkúta mi rì tó bá yá.”

Haneef àti àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ bo kòtò. Wọ́n bò ó dáadáa, iṣẹ́ wọn ni. Wọ́n fa ilẹ̀ dọ́gba láti ògiri dé ògiri. Mọ́ṣádé tẹ̀ lé wọn pẹ̀lú ewé máńgòrò gbígbẹ, ó ń dà á lé e lórí.

“Kí ni ewé yẹn wà fún?” ni Theophilus bi í.

“Ó máa ń dá oòrùn dúró, bọ̀dá mi.”

Ó mirí, ó padà sí fóònù rẹ̀.

Nígbà tí abọ́ gbogbo kún, tí àpò kún, Theophilus dìde. Ó ní ó tó, kí wọ́n ha ilẹ̀ fún òkúta. Haneef gbé ṣọ́bìrì sókè.

“Haneef, dúró,” ni Mọ́ṣádé wí. “Nǹkan wà nínú ilẹ̀.”

Haneef dúró. Theophilus wo àbúrò rẹ̀. “Kí ló wà nínú ilẹ̀?”

“Ata ilẹ̀ pupa ni.”

“Wo àpò wọ̀nyí. Kí lèyí tó wà nínú àpò?”

“Ìyẹn la kórè. Èyí tí mo gbìn ló wà nínú ilẹ̀.”

“Ìgbà wo lo gbìn ín?”

“Lójú yín níbí, bọ̀dá mi. Ẹ̀yin lẹ ní kí Haneef bá mi bò ó.”

Ràmọ́tà rẹ́rìn-ín débi pé àpótí yẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Wọ́n gbé e dìde, ó tún ń rẹ́rìn-ín. Haneef rọra gbé ṣọ́bìrì rẹ̀ sílẹ̀, ó yíjú sí ògiri, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Ọkàn Mọ́ṣádé nìkan ni kò tíì balẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ wà lára ọkọ́, ó dì í mú ṣinṣin, nítorí pé bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá ní kí wọ́n ha ilẹ̀ náà bó ti wù kó rí, kò sí ohun tó lè ṣe.

“Jìbìtì nìyí,” ni Theophilus wí. “Ẹ pe Bàbá wá.”

Ilé kejì ni Bàbá Sàlàkọ́ wà. Ó fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ dé, pákò lẹ́nu. Ó gbọ́ ti Theophilus tán, ó gbọ́ ti Mọ́ṣádé tán. Ó fi ẹsẹ̀ yẹ ewé máńgòrò sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní kí Haneef wa ibẹ̀ díẹ̀. Haneef wà á, ìyá ata kan fara hàn. Ó ní kó bò ó padà.

“Nǹkan wà nínú ilẹ̀,” ni Bàbá Sàlàkọ́ wí.

“Ṣùgbọ́n bó bá kórè èyí, yóò tún gbìn. Bó bá tún kórè, yóò tún gbìn. Ìgbà wo ni mo fẹ́ tẹ́ òkúta mi, Bàbá?”

“Theophilus.” Bàbá yọ pákò lẹ́nu. “Igi obì ta ló wà ní oko wa àtijọ́ ní Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀?”

Theophilus yíjú sí fóònù rẹ̀.

“Mo ní igi obì ta ni?”

“Tèmi ni, Bàbá.”

“Nígbà tí ẹbí ta ilẹ̀ yẹn, ta ló dìde láàárín wa, tó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọ́lé lé ohun ọ̀gbìn òun, àfi bí òun bá kórè tán?”

“Èmi ni.”

“Ẹni tó ra ilẹ̀ náà gbà bẹ́ẹ̀. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Ọdọọdún lo ń kórè obì níbẹ̀, ọdọọdún ni obì ń so. Mo pàdé ọkùnrin náà ní ọjọ́sí, ó ti hu ewú. Ó ṣì ń dúró dè ọ́ kí o kórè tán.” Ó dá pákò padà sẹ́nu. “Bó o bá fẹ́ ká yí òfin yẹn padà, a lè ṣèpàdé lórí ẹ̀. Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ la ó ti bẹ̀rẹ̀.”

Ni Theophilus bá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, díẹ̀díẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́, títí ó fi di igi máńgòrò mú. Ẹ̀rín yẹn kò sọ ọ́ di èèyàn rere. Ó kàn mọ ìṣirò ni: èrè igi obì rẹ̀ pọ̀ ju ti ibi ìgbọ́kọ̀sí lọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà tọkàn wá, gbogbo ẹ̀yìnkùlé sì bá a rín in. Mọ́ṣádé náà rín tirẹ̀. Ó fi ọkọ́ sílẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì bojú, nígbà tó sì mú un kúrò, gbogbo ojú rẹ̀ ti pọ́n bí ìyàwó tí wọ́n kun ní osùn, ni orin bá tún bẹ̀rẹ̀.

Wọ́n pín ìkórè náà níbẹ̀. Gbogbo ilé tó gbé ọkọ́ wá gba abọ́ kan. Àpò kan wọ ẹ̀yìn jíìpù, nítorí Mọ́ṣádé kì í ṣe èèyàn tó ń gbé ìbínú sùn. Ó yẹ kó máa gbé e sùn nígbà mìíràn, ṣùgbọ́n bó ṣe rí nìyẹn. Ó da iná, ó gún èyí tó tutù mọ́ ata àti iyọ̀, ó fi ra ẹja tí Ràmọ́tà ránṣẹ́ rà lára, ó gbé epo kaná. Haneef àti àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ lọ tẹ́ òkúta sí iwájú ilé. Iwájú ilé kéré. Nígbà tí wọ́n tẹ́ ẹ tán, òkìtì iyanrìn ńlá kan ṣì kù.

Haneef wá sí ìdí ààrò. “Ìyá, níbo ni ká da iyanrìn tó kù sí?”

Mọ́ṣádé yí ẹja padà nínú epo. “Ilẹ̀ tó wà lẹ́bàá ògiri lọ́hùn-ún wúwo díẹ̀,” ló wí. “Omi máa ń dúró síbẹ̀. Ata ilẹ̀ pupa kì í fẹ́ bẹ́ẹ̀.”

Haneef wo Theophilus. Theophilus wo àbúrò rẹ̀.

“Mọ́ṣádé, iyanrìn mi nìyẹn.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, bọ̀dá mi. Ẹ ṣeun.”

Bàbá Sàlàkọ́ ti fa àga sún mọ́ ìdí ààrò, ó ń wo ẹja. Ràmọ́tà ti mú ègé ẹja àkọ́kọ́ lọ́wọ́, ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí i. Theophilus ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó jókòó ti Bàbá, ó ní bí ẹja bá ti jinná kí wọ́n bu tòun wá. Lẹ́yìn wọn, Haneef ti ń ti bárò àkọ́kọ́ bọ̀, iyanrìn kún inú rẹ̀ dé etí, ó ń bèèrè ibi tí Ìyá fẹ́ kí òun dà á sí gan-an.